Òṣùwọ̀n Bàbá Ìjọ

Òjé ni. Kò tóbi ju ìka méjì lọ.
Wáyà ni mo fi so ó mọ́ abẹ́ apá òṣùwọ̀n,
níbi tí ojú àgbẹ̀ kì í dé,
ní ṣọ́ọ̀bù kòkó tó wà lójú ọ̀nà Bágbè, nílùú Oǹdó.
Èmi akọ̀wé ni mo so ó, kì í ṣe ẹlòmíràn.
Bàbá Akínlàjà kàn dúró lẹ́yìn mi, ó ń kùn orin ìyìn,
ó ní, "Ọjà ń wọlẹ̀, ọmọ mi.
Kí òṣùwọ̀n náà bá wa jẹun."

Àpò tó bá gun kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta
á sọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Kílò méje á pòórá lójú gbogbo wa,
kò sì sí eku kan tí a lè dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń gbé àwo ọrẹ.
Òun ló ra òdòdó tó wà lórí pẹpẹ,
oníke ni, Àkúrẹ́ ló ti rà á,
kì í rọ, kì í tú òórùn.
Àlùfáà ní, "Ẹ wo olódodo láàrin wa!"
Èmi gbọ́ ọ ní olódòdó.
Àmì díẹ̀ ló yà wọ́n, ohùn tó lọ sókè, ohùn tó sọ̀ kalẹ̀.
Èdè wa ò ṣì wọ́n mú rí.
Àwa tí a ṣe "Àmín" la fẹ́ kí wọ́n jọra.

Ìyá Orímolóyè máa ń wá láti oko Bọ́lọ́runduró,
opó, àpò mẹ́ta lórí ọ̀kadà méjì.
Á tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n bí ẹni tó ń wo ojú dókítà.
"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta," ni mo máa ń wí.
"Ó dáa," ni tirẹ̀. "Ọlọ́run ló ń wọ̀n."
Ì bá ṣépè! Ǹ bá rí nǹkan bínú sí.

Mo ti rò pé iná ni ìdájọ́,
àrá, tàbí ọlọ́pàá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.
Ṣùgbọ́n àwọn wòlíì inú Ìwé Mímọ́,
tí ọ̀kan nínú wọn ń da ẹran, tó sì ń tọ́jú igi eléso,
orin kọ́ ni wọ́n ní ó dun Ọlọ́run pé kò tó,
ìwọ̀n ni.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ìwé kejì,
ìwé ọmọ iléèwé, orúkọ lápá kan,
kílò tó sọnù lápá kejì.
N kò mọ ẹni tí mò ń kọ ọ́ fún.

Lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè tí òjò sé gbogbo ènìyàn mọ́lé,
mo gbé e lọ bá Ìyá Orímolóyè.
Ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, kò dáwọ́ dúró.
Ó ní kí n kà á. Mo kà á:
kílò igba ó lé mẹ́wàá.
Ó ṣa òkúta kan sí i.
"Mélòó ni ìwọ jẹ níbẹ̀?"

N kò ronú kàn án rí.
Owó oṣù mi ni. Owó iléèwé ọmọ mi ni.
Ṣòkòtò tí mo wọ̀ jókòó síwájú rẹ̀ ni.
"Ti bàbá yẹn ṣì ń bọ̀," ó wí,
"tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ mú wá.
Má tíì lọ. Ẹ̀wà yìí ò ní pẹ́ jinná."

Láàárọ̀, mo já wáyà náà.
Òjé bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó tutù,
ó wúwo ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ.
Dá a lẹ́bi. Dá a láre.
Láti kékeré ni mo ti mọ méjèèjì lórí.
Ẹ̀kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́:
dá a padà.

Mo gbọ́ ìró mọ́tò Bàbá Akínlàjà lẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀pá òṣùwọ̀n ń mì,
kò tíì dúró.